Lẹ́yìn Tí Ìjì Bá Rọlẹ̀: A Dáhùn Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá ni a ti ṣàlàyé bí ìjì líle ṣe ń gbára jọ, a sì rọ ẹ̀yin òǹkàwé pé kí ẹ kọ ohun tí ojú yín ti rí ránṣẹ́ sí wa. Lẹ́tà tó wọlé pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló béèrè nípa ìjì fúnra rẹ̀; ọjọ́ kejì ìjì ni èyí tó pọ̀ jù lọ ń béèrè nípa rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí òrùlé ti ṣí, tí òpó iná ti wó, tí omi kànga ti yí àwọ̀ padà, tí onílé kò sì mọ ibi tí òun ó ti bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìbéèrè pọ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ti la ìjì já ti ń pàdánù ẹ̀mí. Mo ti gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìjì náà jà, bàbá wa ní kí a ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà kọjá, kó má baà ká òrùlé lọ. A ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ òrùlé yàrá méjì ló ṣí. Àwọn aládùúgbò wa ti gbogbo ilẹ̀kùn wọn pa ní tiwọn, ohunkóhun kò sì ṣe ilé wọn. Ṣé ohun tí bàbá sọ ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o, a dúpẹ́ pé páànù ló lọ, kì í ṣe ẹ̀mí. Bàbá kọ́ ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló gbà á gbọ́, ó sì ní ìdí tó fi jọ òótọ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń sáré gba orí òrùlé kọjá, agbára tó fi ń tẹ òrùlé náà mọ́lẹ̀ máa ń dín kù, afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ nínú ilé yóò sì máa ti páànù sókè láti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi rò pé bí fèrèsé bá ṣí, ti inú ilé yóò rí ibi gbà jáde. Ṣùgbọ́n òdì kejì rẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ìjì yóò gba ojú fèrèsé tó kọjú sí i wọlé, kò ní rí ọ̀nà àbáyọ tó tó o, yóò sì máa fẹ́ òrùlé láti inú bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ bàlúùnù. Agbára méjì ló wá dojú kọ òrùlé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀kan ń fà á lókè, èkejì ń tì í nísàlẹ̀. Títì ló yẹ kí a ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn, títí kan ilẹ̀kùn àárín yàrá kan sí èkejì, kí afẹ́fẹ́ tó bá já wọ yàrá kan má baà rí òrùlé gbogbo ilé lò.

Ẹ má tìtorí èyí bá bàbá wí o, nítorí fèrèsé nìkan kọ́ ló ń dá òrùlé sí. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti nǹkan yóò di ìlọ́po mẹ́rin, àwọn ibi tó sì máa ń kọ́kọ́ dojú kọ ni etí òrùlé, igun rẹ̀ àti góńgó orí rẹ̀. Òrùlé tó dà sí ìhà mẹ́rin máa ń dúró ju èyí tó dà sí ìhà méjì péré lọ, àṣejù etí òrùlé tó yọ síta sì máa ń fún afẹ́fẹ́ ní ibi tí yóò dì mú.

Kí káfíńtà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn páànù tó já bọ́, kí ẹ wo ojú ihò ìṣó rẹ̀ dáadáa. Bí ìṣó bá ṣì wà lára igi, tí ihò ara páànù sì ya, a jẹ́ pé páànù ló fẹ́lẹ́ jù tàbí pé orí ìṣó ló kéré. Bí ìṣó bá bá páànù lọ, igi ti jẹrà ni, tàbí kí ìṣó kúrú jù. Ìṣó onídè tí a ń yí wọlé á dì í mú ju èyí tí a ń fi òòlù kàn lọ. Bí páànù, ìṣó àti igi bá jọ fò lọ pọ̀, ẹ má wulẹ̀ náwó lórí páànù tuntun kí ẹ tó fi irin pẹlẹbẹ so igi òrùlé mọ́ ògiri, nítorí ìsopọ̀ òrùlé àti ògiri ló jẹ́ aláìlera. Ọ̀pọ̀ ilé ni mo ti rí tí wọ́n ń tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe, tí wọ́n sì fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀ de ìjì mìíràn.

Ìbéèrè: Ìjì náà jà fún wákàtí bíi mélòó kan, ó dákẹ́ lójijì, ojú ọ̀run mọ́, a sì jáde láti wo ohun tó bàjẹ́. Kò pẹ́ ló tún bẹ̀rẹ̀ láti ìhà kejì, ó sì le ju ti ìṣáájú lọ. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Àárín ìjì ni ẹ wà nígbà náà, ibi tí wọ́n ń pè ní ojú ìjì. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ orí òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ti ń gbára, níbi tí ìgbóná omi ti tó nǹkan bíi 27 lórí ìwọ̀n Celsius, ó sì máa ń yí po bí ó ti ń rìn. Ojú rẹ̀ máa ń fẹ̀ tó kìlómítà 30 sí 65, ibẹ̀ sì máa ń pa rọ́rọ́. Bí ojú náà bá kọjá, apá kejì ìjì ló kù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò sì máa fẹ́ láti ìdojúkọ ibi tí ti àkọ́kọ́ ti wá, èyí ló ń jẹ́ kí igi àti ògiri tí ti àkọ́kọ́ ti mì wá wó pátápátá. Ẹ dúró sínú ilé títí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ yóò fi kéde pé ó ti lọ.

Ìjì òjò àti ààrá lásán kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ nínú tirẹ̀ ni mànàmáná. Bí ẹ bá rí i, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí ẹ ó fi gbọ́ ààrá. Gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan. Bí kò bá tó 30, ó ti sún mọ́ yín jù láti wà níta, kí ẹ má sì jáde títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn ààrá tí ẹ gbọ́ kẹ́yìn.

Ìbéèrè: Wọ́n kéde pé ìpele kẹta ni ìjì tó ń bọ̀ ní etíkun wa, kì í ṣe ìkarùn-ún. A ti rí ìkẹrin rí, nítorí náà a kò kúrò nílé. Omi ló wá gbé wa dé orí àjà. Ṣé wọ́n parọ́ fún wa ni?

Ìdáhùn: Wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìwọ̀n yẹn ń wọ̀n kọ́ ni ẹ rò. Ìwọ̀n Saffir-Simpson, tó ní ìpele márùn-ún, eré afẹ́fẹ́ nìkan ló ń sọ. Ìpele kìíní bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 119 ní wákàtí kan, ìkẹta láti 178, ìkarùn-ún sì bẹ̀rẹ̀ láti 252. Kò sọ bí òjò yóò ṣe pọ̀ tó, kò sọ bí ìjì yóò ṣe pẹ́ tó lórí yín, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bí omi òkun tí afẹ́fẹ́ ń tì bọ̀ yóò ṣe ga tó. Omi yìí ló sì ń pa ènìyàn jù. Ìjì Katrina ti dé ìpele ìkarùn-ún lójú òkun, ṣùgbọ́n ó ti rẹlẹ̀ sí ìkẹta nígbà tó fi kan ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2005. Àwọn odi tó ń dènà omi ya, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú New Orleans sì wà lábẹ́ omi. Ẹni tó kú lé ní 1,300. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ìjì tí wọ́n pè ní Daniel rọ òjò sórí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn ìlú Derna ní Líbíà, ìdídò omi méjì ya ní òru, omi sì gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ sínú òkun. Ẹni tó bá ń wo afẹ́fẹ́ nìkan lóru ọjọ́ yẹn kò wo ibi tí ewu wà.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ìkìlọ̀, ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi ara yín: báwo ni ilẹ̀ ilé wa ṣe ga sí òkun tàbí odò tó, àti pé ọ̀nà wo la ó gbà jáde kí omi tó dí i? Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí omi bá ti wà lójú ọ̀nà. Omi tó ń ṣàn tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú, 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré, 60 sì lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àyànmọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo Bangladesh. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1970, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ Pakistan, ìjì kan ti omi òkun wá sórí etíkun rẹ̀, ó sì pa nǹkan bí 300,000 ènìyàn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ó tó 500,000. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìsádi oníkọnkéré tó dúró lórí òpó gíga, wọ́n sì kọ́ àwọn afínnúfíndọ̀ tí ń gbé gbohùngbohùn àti àsíá kiri abúlé láti kìlọ̀. Nígbà tí ìjì Sidr jà níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, tí agbára rẹ̀ kò kéré sí ti ìṣáájú, àwọn tó kú jẹ́ nǹkan bí 3,400. Iye yẹn kò kéré rárá, ṣùgbọ́n òkun kan náà ni, etíkun kan náà sì ni.

Ìbéèrè: Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi la ìjì náà já láìfarapa. Iná kò sí, ó wá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé nítorí òjò àti olè, ó ṣí fèrèsé kan sílẹ̀, ó sì lọ sùn. Kò jí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ, tí wọ́n sùn sí ilé àwọn òbí wa, ló bá a bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ ń wò ó bí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló pa á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Kí Ọlọ́run tu ẹ̀gbọ́n yín àti àwọn ọmọ nínú. Dókítà nìkan ló lè fi ìdí ohun tó pa á múlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí bá iṣẹ́ afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide mu wẹ́kú, ẹ sì lè fi ìwé ìròyìn yìí han àwọn mọ̀lẹ́bí náà. Ibikíbi tí epo, gáàsì tàbí èédú bá ti ń jó ló ti máa ń jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta ènìyàn lójú bí èéfín. Bí a bá fà á símú, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, yóò sì gba àyè tí afẹ́fẹ́ oxygen yẹ kó jókòó sí, nítorí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju oxygen lọ ní ìgbà tó lé ní 200. Ẹni tó bá jí lè ní orí fífọ́, òòyì, èébì tàbí àárẹ̀, kó sì mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Inú oorun ló máa ń gbé ẹni tó ti sùn lọ. Fèrèsé kan tó ṣí kò tó láti lé e jáde.

Ìta gbangba ni jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí ilé, kí ẹnu ibi tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde sì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, títí kan ti aládùúgbò. Mo mọ̀ pé olè wà. Ṣéènì àti àgádágodo ni kí ẹ fi so ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má sì ki wáyà rẹ̀ bọ inú ihò iná ara ògiri, nítorí iná náà lè padà gba orí òpó lọ, kó sì pa òṣìṣẹ́ tó ń tún wáyà àdúgbò ṣe. Ní ti wáyà tó já sílẹ̀, ojú kò lè mọ èyí tí iná wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò sí. Ẹ fi mítà mẹ́wàá sílẹ̀ ó kéré tán, ẹ má sì wọ omi tó bá fara kàn án.

Ikú bí èyí kì í sábà wọ inú àkọsílẹ̀ ìjì. Nígbà tí ìjì Maria jà ní erékùṣù Puerto Rico ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, iye tí ìjọba kọ́kọ́ kà ni 64. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì George Washington ṣe ìwádìí, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 2,975 ni ikú fi pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ láàárín oṣù bíi mẹ́fà, ìjọba sì gba iye náà wọlé. Oṣù púpọ̀ ni iná kò fi sí ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, àwọn tí oògùn wọn nílò òtútù àti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ mí kò rí ohun tí wọ́n lè ṣe, àwọn arúgbó ló sì fara gbá a jù. Bí ẹ bá ń kíyè sí àdúgbò yín lẹ́yìn ìjì, irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wọn.

Ìbéèrè: Omi kànga wa mọ́ padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ṣé a lè máa mu ún?

Ìdáhùn: Rárá o. Omi tó mọ́ lójú lè ní àrùn nínú. Bí àgbàrá bá ti wọ kànga, ó lè ti gbé ìdọ̀tí ṣáláńgá wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn elétò ìlera fa omi rẹ̀ jáde, kí wọ́n fi kílórínì fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Títí dìgbà náà, ẹ máa se omi mímu títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá sí ohun tí ẹ lè fi dáná, ẹ kán bílíìṣì tí kò ní lọ́fínńdà sí omi tó mọ́, ẹ̀kán méjì sí lítà kan, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 30. Ìjì Idai jà ní ìlú Beira ní Mòsáńbíìkì ní àárín oṣù Kẹta ọdún 2019. Kí oṣù náà tó parí ni àrùn onígbáméjì ti bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ní láti fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní àjẹsára.

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Nígbà tí ohun ìrànwọ́ dé, ìjà ló dá sílẹ̀. Àwọn tí páànù kan péré ṣí lórí wọn gbà ju àwọn tí ilé wọn wó lọ, àwọn arúgbó tí kò lè tò sórí ìlà kò rí nǹkan kan, wọ́n sì ń sọ pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Báwo ni ká ṣe ṣe é bó bá tún ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, iṣẹ́ àìgbowó ni, ẹ̀bi rẹ̀ ló sì máa ń pọ̀ jù. Ojú ọ̀run mímọ́ ni a fi ń ṣe àkọsílẹ̀. Ẹ lọ láti ilé dé ilé nísinsìnyí, kí ẹ kọ iye ẹni tó ń sùn níbẹ̀, ẹni tí kò lè rìn, aboyún, àti ẹni tó ń lo oògùn ojoojúmọ́. Ayálégbé ni kí ẹ má gbàgbé. Bí òrùlé bá ṣí, onílé ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹrù ayálégbé ló bómi lọ.

Lẹ́yìn ìjì, kí ẹni mẹ́ta tí kì í ṣe ará ilé kan náà jọ rìn yí ká, kí wọ́n pín ilé sí èyí tó ṣeé gbé, èyí tí àtúnṣe lè gbà, àti èyí tí kò ṣeé wọ̀. Ẹ lẹ ìwé náà mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á kí ẹ tó pín ohunkóhun, kí ẹni tó bá ní àwíjàre sọ ọ́ ní ọjọ́ yẹn. Ẹni tí kò bá lè wá ni kí a gbé tirẹ̀ lọ bá nílé kí ìlà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún gbogbo ilé kí wọ́n ya fọ́tò ìbàjẹ́ kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́, nítorí ilé-iṣẹ́ adójútòfò àti ìjọba yóò béèrè rẹ̀. Ẹ tún kìlọ̀ nípa àwọn káfíńtà àjèjì tó máa ń yọjú lọ́jọ́ kejì ìjì, tí wọ́n ń gba gbogbo owó iṣẹ́ kí wọ́n tó gun àkàbà. Òmíràn kì í padà wá.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, kì í lè sùn mọ́ bí ojú ọ̀run bá ṣú. Abẹ́ ibùsùn ló máa ń wọ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n nà án kó lè jáwọ́.

Ìdáhùn: Ẹ má nà án, ìyá wa. Ọmọ náà kì í ṣe oríkunkun. Ariwo tó gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló ń padà bá a. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó rántí tàbí kó yà á sínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ ohun kan náà ló ń sọ lójoojúmọ́. Ẹ má ṣèlérí fún un pé ìjì kò ní jà mọ́, nítorí tí òmíràn bá jà, kò ní gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́. Ohun tí ẹ̀yin yóò ṣe ni kí ẹ sọ fún un: yàrá tí ẹ ó jọ wọ̀, ẹni tí yóò gbé àbúrò rẹ̀, ibi tí tọ́ọ̀ṣì wà. Kí ẹ sì fún òun náà níṣẹ́, irú bíi kó máa di tọ́ọ̀ṣì yẹn mú. Àkókò oorun, oúnjẹ àti ilé-ìwé tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ tètè dá padà, kí ẹ sì pa ìròyìn ìjì tó ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Bó bá tó oṣù kan tí kò sí ìyàtọ̀, tó ń tọ̀ sílé, tí kò jẹun, tàbí tí kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ elétò ìlera, kí ẹ sì bẹ ìyá ọkọ yín pé kí àwọn náà tẹ̀ lé yín lọ, kí wọ́n lè gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.